Ọjọ́ Tí A Ta Awakọ̀ ní Òjóò

"Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kú síbi tó wà. Ọmọ yín ṣì ń bọ̀ wálé ní ìparí sáà, ojú ọ̀nà ló sì máa gbà."

Alága gáréèjì ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní ọjà Sandgrouse, níbi tí mo ti ń ta edé àti ẹja gbígbẹ. Ó dúró bí ẹni tó fẹ́ rajà, ó mú edé díẹ̀ nínú ọpọ́n, ó jù ú sẹ́nu. Kò pariwo. Ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní inú àwọn awakọ̀ òun kò dùn sí ohun tí mò ń sọ káàkiri ọjà. Lẹ́yìn náà ló wá mẹ́nu ba ọmọ mi, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ní ẹ kú ọjà, ó sì lọ.

Kó tó dé, mo ti ń rò ó pé kí n dákẹ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìkìlọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n wá bébà. Ẹni tó bá fi ọmọ mi halẹ̀ mọ́ mi, ohun tí kò fẹ́ kí n fẹnu sọ ni màá kọ sílẹ̀, kó lè dé ibi tí ohùn mi ò lè dé.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Bàbá rẹ̀ ti ṣaláìsí, agboolé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lẹ́yìn Ìga Ìdúngànràn, la sì ń gbé títí di òní. Nígbà tó wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlọrin, gbogbo agboolé ló ń yọ̀, èmi nìkan ni oorun dá lójú mi. Mo kàwé dé sẹ́kọ́ńdìrì, mo mọ àwòrán ilẹ̀ kà, mo sì mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe gùn tó.

Mo lọ sí gáréèjì kí ọjọ́ ìrìn-àjò rẹ̀ tó pé. Mo wo àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ìlọrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fọwọ́ kan táyà wọn, mo ní kí wọ́n tan iná ẹ̀yìn kí n rí i, mo sún mọ́ àwọn awakọ̀ bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà kí n lè gbọ́ òórùn ẹnu wọn. Ọ̀kan wù mí nínú wọn. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ kò pọ́n, sípíà táyà rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ nínú. Mo gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo fi ọmọ mi sí ìjókòó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sáré.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Ọwọ́ mi yìí ni màá fi gbé e délẹ̀ ní Ìlọrin."

Ohun kan wà tí àwọn tó ń rin ọ̀nà yẹn déédéé mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Wọ́n ń pè é ní títa èrò. Bọ́ọ̀sì á kó èrò ní Èkó, wọ́n á ti san owó títí dé Ìlọrin. Bó bá dé Ìbàdàn, tí awakọ̀ gbọ́ pé èrò Èkó pọ̀ nílẹ̀, á wá bọ́ọ̀sì mìíràn tó ń lọ sókè, á fún onítọ̀hún ní díẹ̀ nínú owó tó ti gbà, á kó àwọn èrò rẹ̀ fún un, òun á sì kó èrò tuntun padà sí Èkó. Wọn kì í bi èrò léèrè. Wọ́n á kàn ní ẹ́ńjìnnì ti gbóná, wọ́n á máa ju ẹrù láti inú búùtù kan sínú èkejì, àti ènìyàn àti àpótí. Bọ́ọ̀sì tó bá sì ń ra èrò lójú ọ̀nà, àkúrẹtẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó bá dára ti kún láti gáréèjì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo pe ọmọ mi, fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo pe awakọ̀.

"Màmá, a ti fẹ́ wọ Ìlọrin," ló wí. "Ọmọ yín ń sùn lẹ́yìn mi níbí."

"Ẹ má jí i," ni mo sọ. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Mo súre fún un. Mo ní Ọlọ́run á ṣọ́ òun náà lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. Mo padà sídìí ọjà mi, ara mi balẹ̀, mo tilẹ̀ fi èènì lé edé tí mò ń wọ̀n fún oníbàárà mi.

Ní àsìkò yẹn gan-an, ojú títì ni ọmọ mi dúró sí, lẹ́yìn Ọ̀yọ́, nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì tí wọ́n tà á fún. Bọ́ọ̀sì náà ti kú. Igbó wà lọ́tùn-ún, igbó wà lósì. Awakọ̀ tó bá mi sọ̀rọ̀ ti ta wọ́n ní Ìwó Road ní Ìbàdàn látàárọ̀, ó ti ń bọ̀ ní Èkó pẹ̀lú èrò mìíràn. Tírélà tó kó sìmẹ́ńtì ló ṣàánú ọmọ mi àti àwọn obìnrin méjì kan, ó gbé wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Fóònù ọ̀kan nínú wọn ló fi pè mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí n má bàa mọ̀ pé ó ti sunkún. Mo mọ̀.

Mo lọ bá alága gáréèjì. Awakọ̀ náà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo rò gbogbo ẹjọ́ mi, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀.

"Ṣé ọmọ yín délé ẹ̀kọ́, Màmá?" ni alága bi mí.

"Ó dé."

"Ṣé ara rẹ̀ pé?"

"Ó pé."

"Kí lẹ wá ń bá wa jà fún? Ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí mo dúpẹ́ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí màá ṣe gbẹ̀san.

Kì í ṣe títà tó ta ọmọ mi ló dùn mí jù. Ó lè sọ pé òwò ni. Ohun tí n kò lè gbé mì ni pé ó ní ọmọ mi ń sùn lẹ́yìn òun. Ó mú mi súre fún un. Bí mo bá jókòó sídìí ẹja mi, gbólóhùn yẹn á máa padà wá, màá sì máa já orí ẹja sọ́tọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́.

Àyè yọ nígbà tí àbúrò Ìyá Àgbà kú ní Ìlọrin. Ìyá Àgbà ni obìnrin tó dàgbà jù ní agboolé wa, àǹtí ọkọ mi sì ni. Àdúà ogójì ọjọ́ olóògbé náà bọ́ sí àsìkò tí ọmọ mi ń padà sílé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìsinmi, àárọ̀ ọjọ́ kejì àdúà náà ló sì máa bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Àwọn obìnrin agboolé fẹ́ háyà bọ́ọ̀sì kan lọ. Mo ní kí wọ́n fi ètò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Kò sẹ́ni tó jiyàn, wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tí í wo abẹ́ ẹja kó tó wo orí rẹ̀.

Mo lọ sí gáréèjì, mo wá awakọ̀ yẹn kàn. Ó wo ojú mi kòrókòró, kò dá mi mọ̀. Mo sọ fún un pé àwọn ìyá arúgbó ni màá kó, pé a ó san ìdajì owó ní Èkó, a ó san ìyókù nígbà tó bá gbé wa dé Ìlọrin.

"Kò sí wàhálà, Màmá. Ọwọ́ mi yìí ni màá fi gbé yín délẹ̀."

Gbólóhùn kan náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí mo pe àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ mọ́káníìkì ní Òjóò, ní Ìbàdàn. Mo ní kó bá mi wá bọ́ọ̀sì tó le, tí òun fúnra rẹ̀ ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí, kó dúró dè wá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní kí òun náà bá wa lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìrìn-àjò lẹ ń lọ ni àbí ogun?" Mo ní méjèèjì ni.

Ìyá Àgbà ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún nílé.

"Awakọ̀ tí mo háyà yìí, Ìyá, òun ló ta ọmọ wa."

Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "O fẹ́ kó ta àwa náà ni?"

"Rárá o. Àwa la máa tà á."

Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìhà rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè tó yẹ: "Àdúà àbúrò mi ńkọ́?" Mo ní a ó dé kí ìrun alásárì tó tó. Ó ní kí n lọ máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Ọmọ mi ni kò rẹ́rìn-ín. "Màámi, ìdánwò mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì o. Bí bọ́ọ̀sì Ọ́ńkù ò bá wá ńkọ́? Ṣé ojú títì náà ni màá tún padà sí?"

Òótọ́ ló sọ, kò sì sí ohun tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ètò náà. Mo tún pe àbúrò mi. Mo ní kó gbé bọ́ọ̀sì náà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, kó yọ bátìrì rẹ̀ pamọ́ sílé kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e jáde. Mo ní kó tún wá káà kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní mo ń da òun láàmú. Mo ní kó fara dà á.

A kúrò ní Èkó lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Èmi ni mo to ìjókòó. Ìyá Àgbà wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, èmi wà lẹ́yìn awakọ̀ gan-an, ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn obìnrin yòókù wà lẹ́yìn wa. Awakọ̀ náà lẹ́nu dídùn. Ó ń pe Ìyá Àgbà ní ìyàwó òun. Ìyá Àgbà ní, "Ọkọ mi, máa wo iwájú."

Kí a tó dé Ìbàdàn ni fóònù rẹ̀ dún. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n etí mi ò jìnnà sí i. "Ṣé wọ́n pọ̀ níbẹ̀? Èkó ni gbogbo wọn ń lọ? Dá wọn dúró, mo ń bọ̀."

Mo wo ọmọ mi. Òun náà ti gbọ́. A fẹ́ ta ọkùnrin yìí ní Òjóò, òun sì fẹ́ tà wá kí a tó débẹ̀.

Ní Ìwó Road, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó pa ẹ́ńjìnnì. Bọ́ọ̀sì kan ti dúró níwájú wa, okùn ni wọ́n fi so iná iwájú rẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú o," ló wí. "Ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, á gbé yín dé Ìlọrin wéré. Màmá, ẹ kàn bá mi mú ìyókù owó yẹn wá kí n fún un."

Ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ohun tí mo tò, Òjóò ni mo tò ó sí. Bí àwọn ìyá yìí bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn agbèrò á ti gbé ẹrù wọn sínú bọ́ọ̀sì olókùn yẹn kí n tó yanu. Ọmọ mi di apá mi mú.

Ìyá Àgbà ló dáhùn. "Ta ni kó sọ̀kalẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Orúnkún mi yìí, bí mo bá dé ibi tí mò ń lọ ló tó máa ń nà. Bí o bá fẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ níbí, wá pọ̀n mí."

"Ìyá, mọ́tò ló gbóná."

"Àwa náà gbóná. A ò ní kí wọ́n gbé ẹlòmíràn wá dípò wa."

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mira. Mo fara balẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú. Àbúrò mi jẹ́ mọ́káníìkì ní Òjóò níwájú yìí, kò jìnnà mọ́. Ẹ jẹ́ kó bá yín wò ó lọ́fẹ̀ẹ́."

Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ní kò kàn mí. Kò lè sọ pé ẹ́ńjìnnì náà ò gbóná mọ́, kò sì lè gbé obìnrin arúgbó sọ̀kalẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó ṣáná sí mọ́tò, inú ń bí i.

Àbúrò mi ti dúró dè wá. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. "Ọ̀gá, ẹ wá fọwọ́ kàn án. Ara tèmi gbóná jù ú lọ." Bí awakọ̀ ṣe tẹríba sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, Ìyá Àgbà ti sọ̀kalẹ̀, ó ti ń kọjá sínú bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá, ẹsẹ̀ yín ti nà nìyẹn?" ni mo bi í.

"Ó ti rí ibi tó ń lọ."

Nígbà tí awakọ̀ gbójú sókè, ẹrù wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú búùtù rẹ̀. "Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni iyì. Mo jáwọ́ nínú ìyẹn. "À ń tà ọ́ ni," ni mo wí. "Owó ìdajì ọ̀nà lo gbà, ìdajì ọ̀nà lo gbé wa. A ò jẹ ọ́ ní nǹkan kan."

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

Mo fa ọmọ mi síwájú rẹ̀. "Ṣé o mọ̀ ọ́n? Òun ló ń sùn lẹ́yìn rẹ ní ọjọ́ tó dúró sójú títì lẹ́yìn Ọ̀yọ́."

Ó wo ọmọ mi, ó wò mí. Mo ń retí kí ojú rẹ̀ yí padà. Kò yí. Ó ti ṣe é fún ènìyàn púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ èyí tó jẹ́ tiwa níbẹ̀. "Màmá, iṣẹ́ ni," ló wí. "Gbogbo wa là ń ṣe é." Ìbínú tí mo gbé kúrò ní Èkó di ìlọ́po méjì. Mo pinnu pé èyí tí a ṣe fún un yìí, òun á máa rántí rẹ̀.

Àwọn agbèrò Òjóò ti yí wa ká.

"Ọ̀gá Èkó, wọ́n tà ẹ́?"

"Èló ni wọ́n tà á?"

"Wọn ò tíì rí ẹni rà á."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò rí wa rà ti kó èrò Èkó tó wà ní Ìwó Road lọ. Àwọn ará gáréèjì Òjóò ò jẹ́ kó kó èrò níbẹ̀, wọ́n ní kò tò sí ìlà. Òfìfo ló padà sí Èkó.

A ti kọjá Ọ̀yọ́ nígbà tó pè mí, tó ń bẹ̀ mí pé kí n san ìyókù, pé ẹni tó ni bọ́ọ̀sì á gbà á lọ́wọ́ òun. Orí ọmọ mi wà léjìká mi. "Ọmọ mi ń sùn," ni mo wí. "Má jí i." Mo pa fóònù. Mo gbádùn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, n kò ní purọ́.

A dé Ìlọrin kí wọ́n tó pe ìrun alásárì. Wọ́n ṣe àdúà olóògbé, Ìyá Àgbà sunkún àbúrò rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọmọ mi jókòó ìdánwò ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú bírò rẹ̀ àti àpótí rẹ̀ lódidi.

Nígbà tí mo padà sí Èkó, n kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Gbogbo oníbàárà mi ni mo sọ ọ́ fún, àti àwọn tó ń gba Èbúté Èrò lọ ra oúnjẹ láwọn ìlú òkè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pe awakọ̀ náà ní Wọ́n-Tà-Á. Èrò á fẹ́ wọ mọ́tò rẹ̀, á bi í bóyá òun ni wọ́n tà ní Òjóò, á sì lọ wọ òmíràn. Àwọn èrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn awakọ̀ yòókù léèrè. Ìyẹn ló gbé alága wá sí ìsọ̀ mi. Kì í ṣe pé mo parọ́ mọ́ wọn, òwò wọn ló ń bàjẹ́.

Láti ọjọ́ tó ti wá, mo ti tún ètò ṣe. Àbúrò mi ni yóò lọ mú ọmọ mi ní Ìlọrin ní ìparí sáà, káà ni yóò gbé lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ náà yàtọ̀ sí àwa mẹ́ta. Mo ti kọ orúkọ alága àti ohun tó sọ sórí bébà mìíràn, ó wà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Bí ohunkóhun bá ṣe ọmọ mi lójú ọ̀nà yẹn, wọn ò ní wá ẹni tí wọ́n á bi tì.

Kò dùn mí pé awakọ̀ yẹn pàdánù. Bí ó bá wá tọrọ àforíjì lọ́la, màá bi í pé lọ́wọ́ èwo nínú àwọn ọmọ tó ti tà ló fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe. Bí ọmọ yín tàbí òbí yín bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ dúró lójú gbogbo èrò, kí ẹ gbóhùn sókè bi awakọ̀ pé, "Ṣé ìwọ fúnra rẹ ni wàá gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ, tàbí o máa tà wọ́n lọ́nà?" Bí kò bá dáhùn, ẹ mú ẹni yín sọ̀kalẹ̀.